Gbèsè Tó Wà Nínú "Mànéèjì"

Bóyá la lè rí mẹkáníìkì kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kì í sọ ọ̀rọ̀ yìí: "Ẹ jẹ́ ká ṣì mànéèjì ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná." Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, ṣùgbọ́n ó ti di tiwa pátápátá. Lẹ́nu wa, ẹni tó ń mànéèjì kì í ṣe ọ̀gá tó ń darí ilé-iṣẹ́. Ẹni tí nǹkan kò tó fún ni, tó ń fi ìwọ̀nba tó wà nílẹ̀ gbé ara ẹ̀ dé ọ̀la. À ń mànéèjì oúnjẹ, à ń mànéèjì yàrá, à ń mànéèjì owó oṣù. A tún máa ń fi yin èèyàn: "Ìyá yẹn mọ nǹkan mànéèjì o!"

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni pé: ṣé ìwà rere ni mànéèjì, àbí ọ̀nà tí à ń gbà di ewu lé ẹlòmíì lórí láìjẹ́ kó mọ̀? A ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ lásán dáhùn. Ọkọ̀ àtijọ́ la fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó ń rìn níbi tí kò sí títì.

Àwa tí a ń kọ èyí jẹ́ ọ̀rẹ́ mélòó kan, ọmọ Òmùò-Èkìtì ni wá. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà la fi ń jẹun. Sọ́fítíwìà là ń kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé, ká sòótọ́, títún èyí tí àwọn ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀ ṣe ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò wa. A tún jọ ní Land Rover àtijọ́ kan tí a ń tọ́jú fún ọ̀nà oko. Iṣẹ́ méjèèjì yìí ò jọra lójú, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló wà nídìí wọn: tí èèyàn bá ń tún nǹkan tó ti gbó ṣe, kí ni gbèsè tó jẹ ẹni tó máa lò ó lẹ́yìn ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí ọ̀nà náà ṣe rí. Òmùò ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Èkìtì, létí ààlà ìpínlẹ̀ Kogí. Títì tó ti Ìkọ̀lé wá gba ìlú wa kọjá lọ sí Kàbbà. Ṣùgbọ́n oko kì í wà létí títì. Iṣu, ẹ̀gẹ́, kòkó, kaṣú, gẹdú, inú lọ́hùn-ún ni gbogbo wọn wà, ní òpin ọ̀nà tí òjò ti fọ́ sí méjì, tí gbòǹgbò igi dábùú ẹ̀, tí afárá ẹ̀ sì jẹ́ igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n tò sórí odò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku ni. Tí òjò bá dé, ẹrẹ̀ tó lè gbé bàtà mì ni.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, eré ni wọ́n ń fi irú ọ̀nà báyìí ṣe. Wọ́n ṣe ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Camel Trophy láti 1980 títí di 2000, tí àwọn olùdíje ń wa ọkọ̀, Land Rover ló pọ̀ jù nínú wọn, gba inú igbó Amazon, Borneo àti Madagascar kọjá. Wọ́n há sínú ẹrẹ̀, wọ́n fi okùn fa ara wọn jáde, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì wọ bàálù padà sílé. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá há sínú ẹrẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni díje. Ọjà ọ̀la ló ń sá lé, ẹrù ẹ̀ ló sì máa jẹrà.

Ohun kejì tó yàtọ̀ ni èrò. Ọkọ̀ tó lọ kó iṣu lóko kì í kó iṣu nìkan bọ̀. Orí iṣu yẹn ni àwọn alágbàṣe máa ń jókòó sí, àti àwọn ìyá tó lọ ra ọjà lóko, àti ọmọdé tó ran òbí ẹ̀ lọ́wọ́ látàárọ̀. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí bẹ́líìtì. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ojú títì ni iṣẹ́ tiwọn. Kò sí ẹ̀ṣọ́ lọ́nà oko. Ohun tó bá wà láàárín èrò orí iṣu yẹn àti ikú kò ju méjì lọ: bíréèkì ọkọ̀ náà, àti ẹ̀rí ọkàn ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn.

Ẹnì kan lè ní, "Kí ló dé tí ẹ ò kúkú ra ọkọ̀ tuntun?" Owó ni ìdáhùn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ọkọ̀ àtijọ́ ní ọlá kan tí ọkọ̀ tuntun ti pàdánù: ó ṣeé yé. Irú Land Rover tiwa, tí wọ́n ń pè ní Series III, tí wọ́n ṣe láti 1971 títí di 1985, kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú. Ẹni tó bá ní sípánà, jáàkì àti sùúrù, tó sì fẹ́ mọ ìdí tí ọkọ̀ fi kú, á rí i. Tí ọkọ̀ tuntun bá kú lóko, iná kan á máa tàn nínú ẹ̀, ẹ̀rọ tó lè ka ìtumọ̀ iná yẹn sì wà ní Adó tàbí Àkúrẹ́. Àwa tí a ń fi kọ̀ǹpútà jẹun la tún ń sá fún kọ̀ǹpútà! Àmọ́ ìdí nìyẹn. A mọ ohun tí à ń kó sínú wọn.

Bákan náà ni Peugeot 504 tó jáde ní 1968. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Nàìjíríà, ọdún yẹn kan náà sì ni Ove Andersson fi 504 gba ipò kìn-ín-ní nínú Safari Rally ní Kẹ́ńyà, lórí ọ̀nà tí kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju tiwa lọ. Títí di òní, píkọ́ọ̀pù 504 ṣì ń jáde láti inú oko, tí ẹrù ẹ̀ ga ju orí ẹ̀ lọ. Àwọn ọkọ̀ yìí kì í ṣe ohun ìrántí. Wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tó tún yẹ ká mọ̀ ni pé mànéèjì ló bí Land Rover fúnra ẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í han ayé, ní Amsterdam. Ogun àgbáyé kejì kò tíì pẹ́ tó parí, irin sì wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé ìjọba ló ń pín in. Ilé-iṣẹ́ Rover kò rí irin tó. Wọ́n bá fi àdàlù alumíníọ̀mù ṣe ara ọkọ̀ náà. Ohun tí wọ́n fi mànéèjì yẹn ló wá di iyì ẹ̀, torí alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bíi ti irin. Nítorí náà, a ò lè sọ pé mànéèjì burú látilẹ̀. Ọgbọ́n ńlá wà nínú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ kan náà. Ṣáásì ẹ̀, ìyẹn egungun tó gbé gbogbo ara ró, irin ni. Òun a máa dípẹtà. Torí pé ara òkè kì í dípẹtà, ọkọ̀ náà lè máa dán lójú nígbà tí egungun ẹ̀ ti jẹrà tán nísàlẹ̀. Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kò ní mọ̀. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ wọ abẹ́ ẹ̀ nìkan ló máa mọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ wà nínú àwòrán yìí: kì í ṣe gbígbó ló ń pani. Ohun tó ti bàjẹ́ tí ojú kò rí ló ń pani.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fa ọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ pípẹ́ nípa ọkọ̀ ojú omi Theseus. Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì, sọ pé àwọn ará Ateni tọ́jú ọkọ̀ náà fún ìrántí, tí pákó kan bá ti jẹrà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun sí i. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ pákó títí, ìbéèrè wá dìde: ṣé ọkọ̀ yẹn náà ló ṣì jẹ́? Ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún, Thomas Hobbes ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá fi kún un: tí ẹnì kan bá ṣa gbogbo pákó àtijọ́ wọ̀nyẹn jọ, tó sì fi kan ọkọ̀ mìíràn, èwo ni ọkọ̀ Theseus nínú méjèèjì?

Àròsọ ni fún Hobbes. Ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, iṣẹ́ òòjọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì Land Rover tiwa kò sí níbẹ̀ mọ́, ti Toyota ló wà nínú ẹ̀. Ìjókòó ẹ̀ ti inú bọ́ọ̀sì kan wá. Ilẹ̀kùn ẹ̀ kan jẹ́ tòkunbọ̀. Gíà tí wọ́n sì yọ nínú ẹ̀ kí àwa tó rà á, a gbọ́ pé ó ń rìn nínú ọkọ̀ ẹlòmíì. Nígbà náà, kí ni a ní? Òfin máa ń wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ṣáásì. Ìyẹn dára fún ọlọ́pàá. Àmọ́ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó fẹ́ gun orí iṣu.

Èrò tiwa ni pé ẹ̀yà ara kọ́ ni ká máa wò. Ẹ wo bí oyè ṣe ń rí. Ọba wàjà, òmíràn gorí ìtẹ́. Ara yàtọ̀, ojú yàtọ̀, orúkọ yàtọ̀, àmọ́ ìlú ò ní sọ pé oyè tuntun ni. Kí ló mú un jẹ́ ọ̀kan náà? Ẹni tó wà lórí ẹ̀ ń jẹ́ ìpè tí wọ́n pe ẹni ìṣáájú. Àdéhùn tí ẹni àná ṣe, ẹni òní ló máa dáhùn fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀. Ohun tó mú un jẹ́ ọkọ̀ kan náà láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíì ni pé ẹnì kan wà tó lè dáhùn fún gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe sí i. Níbi tí ìdáhùn yẹn bá ti já, kì í ṣe ọkọ̀ la ní mọ́. Irin tó ń yí lásán ni, tí a ò mọ ibi tó ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú bíréèkì. Bíréèkì ọkọ̀ àtijọ́ ò le láti yé. Tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, ọ́ìlì á sáré gba inú páìpù tín-ín-rín lọ síbi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú àwọn ọkọ̀ tó pẹ́ jù, ojú kan ṣoṣo ni gbogbo ọ́ìlì yẹn ti ń jáde. Tí páìpù kan bá ń jò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa pàdánù agbára. Àwọn mẹkáníìkì wá ní ọgbọ́n kan: tí ẹsẹ̀ kan bá ń jò, tí kò sì sí rọ́bà tuntun, wọ́n á tẹ páìpù ẹsẹ̀ yẹn mọ́ ara wọn, wọ́n á pa á, kí mẹ́ta tó kù lè máa ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ á dúró. Kò ní dúró bó ṣe yẹ, àmọ́ á dúró. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì ni wọ́n pa, ọkọ̀ náà á máa fà sí ọ̀tún nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Dírẹ́bà tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á mọ̀. Kò ní sáré dé etí odò. Á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bíréèkì láti òkèèrè, á di ọwọ́ ọkọ̀ mú dáadáa sí òsì. Lọ́wọ́ ẹ̀, ọkọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má léwu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ohun tí irin ṣaláìní, ìmọ̀ ẹ̀ ló ń dí i. Ó di ọjọ́ kan, ibà dá dírẹ́bà yìí gúnlẹ̀. Àbúrò ẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́. Irin wà níbẹ̀, páìpù tí wọ́n pa wà níbẹ̀, àmọ́ ìmọ̀ tó ń dí àlàfo yẹn wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé. Kò sí ohun tó yí padà lára ọkọ̀ náà. Síbẹ̀ ó ti di nǹkan mìíràn.

Irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ tiwa, ó sì gba ẹ̀mí. Láàárín 1985 àti 1987, ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, Therac-25 ni wọ́n ń pè é, fún aláìsàn mẹ́fà ní ìtànṣán tó pọ̀ kọjá ààlà. Àwọn kan kú nínú wọn. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n rí i pé apá kan nínú sọ́fítíwìà ẹ̀ ti ara ẹ̀rọ tó ṣáájú ẹ̀ wá, ìyẹn Therac-20. Àṣìṣe wà nínú kóòdù yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Therac-20 ní irin ààbò tó ń dá ẹ̀rọ dúró nígbà tí kóòdù bá ṣìnà, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura. Nínú Therac-25, wọ́n yọ irin ààbò yẹn, wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kóòdù. Àlébù tí nǹkan kan ti ń bò mọ́lẹ̀ wá jáde síta, orí aláìsàn ló sì bọ́ sí. Páìpù tí wọ́n pa àti àbúrò dírẹ́bà, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ní 1992, Ward Cunningham, ọ̀kan nínú àwọn àgbà iṣẹ́ wa ní Amẹ́ríkà, fi iṣẹ́ tí a yára ṣe wé gbèsè. Ó ní tí èèyàn bá yára kọ kóòdù tí kò tíì dán mọ́rán kí iṣẹ́ lè jáde, owó ló yá yẹn. Owó yíyá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí a bá tètè san án padà. Èlé ló ń pani. Àfiwé yìí wọlé sí wa lára gan-an, torí Yorùbá mọ gbèsè. Àmọ́ a rò pé nǹkan kan ṣì kù tó yẹ ká fi kún un. Nínú gbèsè gidi, ẹni tó yáwó àti ẹni tó máa san án kì í sábà jìnnà síra wọn. Nínú mànéèjì, ẹnì kan lè jẹ gbèsè náà lónìí kí ẹlòmíì san án lọ́dún mẹ́ta òní, kí ẹni tó san án má tilẹ̀ mọ̀ pé gbèsè kan wà rí. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òótọ́ ni. Ìbéèrè tiwa ni pé: nígbà tí ìrì wó o, ta ló ń sùn nínú ẹ̀?

Ibi tí a wá fẹ́ pààlà sí nìyí. Mànéèjì méjì ló wà: èyí tí a sọ, àti èyí tí a fi pamọ́. Ẹ wo agbégilódò tó ń gun òkè pẹ̀lú gẹdú lẹ́yìn. Ọmọ ọkọ̀ á bẹ́ sílẹ̀, á gbé pákó kan lọ́wọ́, á máa sáré tẹ̀ lé táyà ẹ̀yìn. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ yí padà sẹ́yìn, á ki pákó yẹn bọ abẹ́ táyà. Pákó yẹn ń sọ fún gbogbo ayé pé, "Ẹ ṣọ́ra o, ọkọ̀ yìí ò lè dá dúró lórí òkè." Gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ló ń rí i, wọ́n á sì jìnnà sí i. Ewu ni, àmọ́ kì í ṣe irọ́. Páìpù tí wọ́n pa lábẹ́ ọkọ̀ ńkọ́? Tí ẹni tó pa á bá dákẹ́, irọ́ ni, bí kò tilẹ̀ la ẹnu ẹ̀. Ọkọ̀ tó ní ìwo bíréèkì mẹ́rin ń sọ fún ẹni tó wọ̀ ọ́ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́.

A gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì wa. Àgbàlagbà ni, ọwọ́ ẹ̀ ti wà nínú irin kí wọ́n tó bí wa. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà yìí, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Tí n bá ní kí píkọ́ọ̀pù kan má kúrò níbí títí rọ́bà bíréèkì á fi ti Èkó dé, tí aboyún kan wá ń rọbí lóko lóru, ṣé ẹ̀yin lẹ máa pọ̀n ọ́n wá sí ọsíbítù?"

A ò lè fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Òun ló le jù nínú gbogbo àtakò. Ẹni tó ní kí ohun gbogbo pé kí á tó gbéra ń sọ̀rọ̀ láti ibi tí ọkọ̀ mìíràn wà. Níbi tí ọkọ̀ kan ṣoṣo wà, bíréèkì mẹ́ta lè gba ẹ̀mí là. Tí a bá ka mànéèjì léèwọ̀ pátápátá, àwọn tí nǹkan kò tó fún la máa fi ìyà jẹ, ẹni tó lówó kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà a gbà fún bàbá. Ẹ pa páìpù náà. Ẹ gbé aboyún náà wá. Àmọ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, gbèsè ṣì wà nílẹ̀. Ohun tí pàjáwìrì ṣe ní àre lóru kò di ẹ̀tọ́ títí ọdún mẹ́ta.

Àtakò kejì, láàárín ara wa ló ti jáde, a ò sì tíì fẹnu kò lé e lórí tán. Ọ̀kan nínú wa ní: "Ẹ ní kí á sọ ọ́. Ó dáa. Ẹ sọ fún ìyá tó fẹ́ gun orí iṣu pé bíréèkì kan ò ṣiṣẹ́. Kí lẹ rò pé wọ́n máa ṣe? Ilẹ̀ ń ṣú, ilé jìnnà, kò sí ọkọ̀ mìíràn. Wọ́n á ní 'Ọlọ́run á ṣọ́ wa', wọ́n á sì gùn ún. Ṣé ẹ ti wá bọ́ nínú ẹ̀bi nìyẹn?"

Rárá. Ẹni tí kò ní ibòmíràn láti lọ, tó ní "ó dáa", kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Sísọ òótọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òpin. Ẹni tí owó ọkọ̀ ń wọlé sí lápò ni ewu ọkọ̀ yẹ kó kọ́kọ́ kàn. Bó ṣe lè kàn án pọ̀: kó dín ẹrù kù, kó rọra wakọ̀, kó lọ lẹ́ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan, kí èrò sọ̀kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sódò. Gbogbo èyí máa dín èrè kù. Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Tí mànéèjì bá ń dín owó ọlọ́kọ̀ kù, á yára ra rọ́bà. Tó bá jẹ́ èrò nìkan ló ń ru ewu ẹ̀, rọ́bà yẹn kò ní dé láéláé.

A tún gbọ́dọ̀ sọ pé ọlọ́kọ̀ nìkan kọ́ ló ń mànéèjì. Ọ̀nà oko fúnra ẹ̀, mànéèjì ni. Afárá igi mẹ́ta yẹn, ẹnì kan ló ní "ẹ jẹ́ ká ṣì lò ó bẹ́ẹ̀ ná" nígbà kan, kò sì sẹ́ni tó kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó dá ọjọ́ tí wọ́n máa fi kọ́ńkéré rọ́pò ẹ̀. Ìjọba náà ní ìdáhùn láti fọ̀, agbára wọn sì ju ti ẹni tó ní píkọ́ọ̀pù kan lọ fíìfíì.

Nínú iṣẹ́ kóòdù, a ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ git, tí Linus Torvalds kọ ní 2005. Gbogbo ìlà tí èèyàn bá yí padà, git á kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló yí i, ọjọ́ wo, kí ló ní lọ́kàn. Àṣẹ kan wà nínú ẹ̀ tó ń fi ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan hàn. "Blame" ni wọ́n sọ ọ́, bí ẹni pé ẹ̀bi là ń wá. Àmọ́ nígbà tó pọ̀ jù, ìdí là ń wá. A fẹ́ mọ ohun tí ẹni àná mọ̀ tí àwa ò mọ̀.

Ká má rò pé òyìnbó ló kọ́ wa nírú èyí. Tí ọkọ̀ bá kú lójú títì, kí dírẹ́bà tó ṣe ohunkóhun, á já ewé, á tò ó sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ wá. Kò mọ ẹni tó ń bọ̀. Kò ní rí i mọ́ láyé ẹ̀. Síbẹ̀ ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀rọ̀ kan, ewé yẹn ló sì fi san án. Àrokò ni. Ẹni tó kó ewé yẹn kúrò kí ọkọ̀ tó kúrò, gbogbo wa la mọ orúkọ tó yẹ ká pè é.

Nítorí náà a ra ìwé kíkọ kan, a fi sínú Land Rover náà. Yorùbá la fi ń kọ ọ́, torí dírẹ́bà àti ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì náà ni yóò kà á. Nǹkan mẹ́rin là ń kọ: ohun tó bàjẹ́, ohun tí a fi mànéèjì ẹ̀, ẹni tó ṣe é, àti ọjọ́ tí mànéèjì yẹn gbọ́dọ̀ parí. Tó bá kan bíréèkì tàbí ọwọ́ ọkọ̀, a máa ń so àkísà pupa mọ́ ọwọ́ ọkọ̀. Ẹni tó bá wọlé á béèrè, "Kí lèyí?" Ìbéèrè yẹn la fẹ́. Títí àkísà yẹn á fi kúrò, ẹrù nìkan ló ń gbé, kò gbọdọ̀ gbé èèyàn, àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

Ó ní ohun tó ń ná wa. Ẹnì kan wá lọ́dún tó kọjá, ó fẹ́ ra ọkọ̀ náà. A fi ìwé hàn án, a mú un wọ abẹ́ ẹ̀, a fi ibi tí wọ́n ti jó ṣáásì pọ̀ hàn án. Ó ka ìwé náà títí, ó mirí. Ó ní, "Àìsàn ọkọ̀ yín mà pọ̀ o." Ó lọ ra òmíràn tí wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kun abẹ́ ẹ̀, tí kò ní ìwé kankan. Lójú ẹ̀, ọkọ̀ tí kò sẹ́ni tó kọ àìsàn ẹ̀ sílẹ̀ ni ara ẹ̀ le. A rí irú ẹ̀ nínú iṣẹ́ wa pẹ̀lú: sọ́fítíwìà tí wọ́n kọ gbogbo àlébù ẹ̀ síta máa ń dà bíi pé ó burú ju èyí tí wọ́n dákẹ́ lé lórí. Òótọ́ máa ń mú kí nǹkan dà bí èyí tó gbó. Bí gbogbo wa bá ń fi owó wa yin ọ̀dà dúdú, ṣé ó yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ọ̀dà dúdú ni wọ́n ń tà fún wa?

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè tí a bẹ̀rẹ̀ nìyí, bó ṣe mọ: mànéèjì kì í ṣe ìwà rere, kì í sì í ṣe ìwà búburú. Gbèsè ni. Ìwà wá dá lórí ìbéèrè mẹ́ta: ta ló mọ̀ nípa ẹ̀, ta ló máa san án, ọjọ́ wo ló máa parí? Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú ẹni tó fẹ́ gun ọkọ̀, ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kó má pe ara ẹ̀ ní ẹni tó mọ nǹkan mànéèjì.

Bí a ṣe ń kọ èyí, àkísà pupa wà lára ọwọ́ ọkọ̀ náà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì ló ń jò. A ti kọ ọjọ́ tí rọ́bà máa dé sínú ìwé. Ìyá kan ní kí á gbé wọn wálé láti oko lọ́sẹ̀ tó kọjá, a bẹ̀ wọ́n pé iṣu wọn nìkan la lè gbé, inú wọn ò sì dùn. A gbé iṣu náà dé ilé wọn, a ò gba owó. Àwọn fẹsẹ̀ rìn dé kó tó di pé ilẹ̀ ṣú.